Adágún orí òkè ní Oregon: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Aláṣọ-Òkè (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́. Iléyá ti kọjá, aṣọ tí mo kó sílẹ̀ ti tà, ara ti wá fẹ́ sinmi díẹ̀. Ọmọ mi obìnrin bímọ ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Medford, ìpínlẹ̀ Oregon, mo sì ń lọ bá a wẹ ọmọ láti oṣù Keje. Ọkọ rẹ̀ ní bí ọmọ bá ti lé ní ogójì ọjọ́, òun á kó gbogbo wa lọ wo adágún kan tó wà lórí òkè. Crater Lake ni wọ́n ń pè é, ọgbà ìjọba orílẹ̀-èdè ni wọ́n sì fi ṣe. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ̀yin èèyàn mi, aró ni! Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ra òwú aláró, mi ò rí omi tó ní irú àwọ̀ yẹn rí. Mo ní wọ́n ti fi nǹkan kun fọ́tò náà ni.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn lóòótọ́? Mo ti lé lọ́gọ́ta, orúnkún mi ọ̀tún ò sì gba òkè gígùn mọ́, ṣé irú mi lè débẹ̀? Ẹnì kan ní ọ̀hún móoru ju ilé wa lọ, ọmọ mi ní kí n gbé kóòtù dání. Èwo ni kí n gbọ́?

Ọmọ Ìpẹru

Ẹ kú oríire ọmọ tuntun, Màámi. Ẹ ó fọwọ́ wẹ òmíràn o. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ní Klamath Falls, ìlú tó wà ní gúúsù adágún yẹn, ìrìn nǹkan bíi 100 kìlómítà síra wọn. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo lọ síbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò kun fọ́tò yẹn. Fọ́tò gan-an ò lè gbé àwọ̀ náà tán. Bí ẹ bá bu omi ọ̀hún sínú ife, funfun báláú ni, kò yàtọ̀ sí omi òjò. Ìjìnlẹ̀ rẹ̀ àti mímọ́ rẹ̀ ló fà á. Ibi tó jìn jù níbẹ̀ tó 594 mítà, kò sì sí adágún tó jìn tó o ní gbogbo Amẹ́ríkà. Kò sí odò kankan tó ṣàn wọ inú rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó ń gbé ẹrẹ̀ wá bá a. Òjò àti yìnyín nìkan ló ń bọ́ ọ. Bí oòrùn bá tàn sí irú omi bẹ́ẹ̀, omi á gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, á sì dá ti búlúù padà sójú ẹni tó ń wò ó.

Ti òtútù àti ooru, ẹ gba méjèèjì gbọ́. Àfonífojì ni Medford wà, ó máa ń gbóná tó dígírì 38 nínú oṣù Keje àti Kẹjọ. Etí adágún náà ga ju 2,100 mítà lọ, ẹ lè bá ìyókù yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀ nínú oṣù Keje. Ní ọ̀sán, búláòsì tó nípọn díẹ̀ ti tó. Tí oòrùn bá wọ̀, ẹ ó wá kóòtù yẹn. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwa níbí o, torí ìgbà yìnyín tiwọn nìyẹn. Yìnyín tó ń bọ́ síbẹ̀ lọ́dún kan ju 12 mítà lọ, ilé alájà mẹ́rin! Wọ́n á ti ọ̀nà tó yí adágún ká pa, ìkùukùu sì lè bo omi mọ́lẹ̀ fún odidi ọjọ́. Oṣù Keje sí Kẹsàn-án lẹ ń wá.

Orúnkún yín kò ní dí yín lọ́wọ́. Mọ́tò ń dé Rim Village, etí òkè tí wọ́n ti ń wo omi, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló kù lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí òfin gbà kéèyàn gbà sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi, Cleetwood Cove, ló le: ó lọ sílẹ̀ ju 200 mítà lọ, gígùn rẹ̀ ò sì pé kìlómítà méjì. Sísọ̀ kalẹ̀ rọrùn, àtigòkè ló ń pa èèyàn. Ìkéde ọgbà náà ni pé wọ́n ti ọ̀nà yẹn pa fún àtúnṣe láti 2026, ó sì di 2029 kí wọ́n tó ṣí i. Nítorí náà kò sí pé à ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù àárín rẹ̀ báyìí. Òkè la ó ti máa wò ó.

Awakọ̀ Ògèrè

Kí àna yín kún epo ọkọ̀ dáadáa kó tó kúrò ní Medford. Ọ̀nà òkè ń jẹ epo. Kí wọ́n sì mú káàdì dání, ọgbọ̀n dọ́là ni ẹnu ọ̀nà fún mọ́tò kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ọjọ́ méje ni ìwé rẹ̀ ń lò.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tèmi ò pọ̀ ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú àpótí tí bàálù ń kó sísàlẹ̀. Atẹ́gùn tín-ín-rín níbi tó ga bẹ́ẹ̀, orí lè fọ́ yín, mímí sì lè yára. Ẹ rìn pẹ̀lẹ́, ẹ mu omi ṣáá, bí òǹgbẹ ò tilẹ̀ gbẹ yín, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Oòrùn orí òkè ń jó awọ kódà nígbà tí atẹ́gùn tútù bá ń fẹ́. Ẹ wé gèlè tàbí kẹ́ ẹ dé fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi òrí pa ẹnu àti ẹsẹ̀.

Ọmọ ìkókó ló jẹ mí lógún jù. Kí ìyá rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà ọmọ náà ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò. Ẹ̀ẹ̀kejì, igbó máa ń jóná lágbègbè yẹn nínú oṣù Kẹjọ, èéfín á sì bo gbogbo ilẹ̀. Bí èéfín bá wà, ẹ sún ọjọ́ síwájú. Ẹ má ní torí pé a ti sanwó.

Ọmọ Òkè-Ẹ̀rì

Ẹ má bínú sí mi, Màámi, mo bá yín yọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ẹ wá láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí òpin ayé lọ wo kòtò tí omi kún. Erédò Sùngbọ́ ń kọ́? Yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ó gùn tó 160 kìlómítà, ibòmíràn wà tí ògiri rẹ̀ ga tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà, ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ẹ, láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Láti 1995 ló ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí UNESCO fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ẹ wá wò ó lónìí. Àwọn kan ń wa yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ tà, àwọn kan ń da ìdọ̀tí sí i. Mo mọ ibi tí wọ́n ti dí yàrà kí wọ́n lè kọ́ ilé. Bàbá mi àgbà máa ń mú mi rìn nínú rẹ̀, òkùnkùn biribiri lọ́sàn-án, ewé ara ògiri á máa kán omi lé wa lórí. Ẹni mélòó nínú àwa tí à ń kọ̀wé síbí ló ti dé ibẹ̀?

Tíṣà Ìlíṣàn

Ọmọ Òkè-Ẹ̀rì, mo gbọ́ ọ, ohun tó ń dùn ọ́ ń dun èmi náà. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, àwọn tí mo kó lọ wo Erédò kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ìtàn kòtò yẹn fún ọ, nítorí ó kàn ọ́.

Òkè ayọnáyèéfín kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Mount Mazama ni wọ́n ń pè é lónìí, gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi 3,600 mítà. Ní nǹkan bí 7,700 ọdún sẹ́yìn, ó bú gbàmù. Iná àti òkúta yíyọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ tú jáde tán, abẹ́ òkè wá ṣófo, orí òkè sì já wọnú ara rẹ̀, bí òrùlé ilé tí ikán ti jẹ òpó rẹ̀ tán. Eérú rẹ̀ dé Kánádà. Ibi tó já sí yẹn ni omi òjò àti yìnyín kún títí ó fi di adágún. Títí di òní, ìwọ̀n tó ń wọlé lọ́dún àti ìwọ̀n tó ń gbẹ tàbí tó ń jò lọ sábẹ́ ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, omi náà kì í kún àkúnya.

Àwọn èèyàn wà níbẹ̀ nígbà náà. Ní 1938, onímọ̀ kan láti Yunifásítì Oregon, Luther Cressman, gbẹ́ ilẹ̀ ihò àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Fort Rock, ó sì bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ bàtà tí wọ́n fi èèpo igi hun. Abẹ́ eérú òkè yẹn ni bàtà wà! Wọ́n ti lé ní 9,000 ọdún. Ẹsẹ̀ èèyàn bíi tiwa ló wọ̀ wọ́n.

Àwọn Klamath, onílẹ̀ ibẹ̀, ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní Llao, ẹ̀mí tó ni ìsàlẹ̀ ilẹ̀, máa ń gba ihò òkè yẹn jáde, òun àti Skell, ẹ̀mí tó ni òkè, sì bára wọn jà, wọ́n ń ju iná àti àpáta lura wọn títí òkè fi wó lu Llao. Ẹ fi ìtàn yẹn wé ohun tí àwọn onímọ̀ rí nínú òkúta. Giiwas ni wọ́n ń pe adágún náà, ibi àdúrà àti ààwẹ̀ ni fún wọn, wọn kì í sì í fi ọ̀nà rẹ̀ han àlejò. Ìyẹn kò gbọdọ̀ ya ọmọ Ìjẹ̀bú lẹ́nu. Nígbà tí àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún bá ń ti ìlú wọn lọ sí Ìmọ̀sàn, ṣé obìnrin máa ń dúró wò wọ́n ni? Oyinbo kan tó ń wá wúrà kiri ló ṣèèṣì rìn dé etí rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1853, ìbaaka tó gùn ló kọ́kọ́ dúró.

Èyí tó kàn ọ́ wá nìyí. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ William Gladstone Steel. Ó sọ pé ọmọ ilé-ìwé lòun nígbà tí òun ka ọ̀rọ̀ adágún náà nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di oúnjẹ ọ̀sán òun. Ó débẹ̀ ní 1885. Ó ń kọ lẹ́tà, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ná owó tirẹ̀, ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko, kí Ààrẹ Theodore Roosevelt tó buwọ́ lu òfin ọgbà náà ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 1902. Òun náà ló kọ́kọ́ gbé ẹja sínú omi yẹn ní 1888, torí kò sí ẹja níbẹ̀ rárá, ìyẹn kò sì dára lójú tèmi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́ tó ṣe yẹn.

Ọmọ Òkè-Ẹ̀rì

Ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹ ṣeun, sà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn Klamath náà ń kọ́, ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀?

Tíṣà Ìlíṣàn

Wọ́n wà. Ìwé àdéhùn 1864 gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wọn. Ní 1954 ìjọba tún ṣòfin pé àwọn ò ka wọn sí ẹ̀yà mọ́, wọ́n sì gba igbó wọn tà. Wọ́n jà títí ìjọba fi dá ipò wọn padà ní 1986. Ilẹ̀ ni wọn ò dá padà.

Ọmọ Ìpẹru

Ìyá aládùúgbò mi ní Klamath Falls jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun ló kọ́ mi pé c'waam ni wọ́n ń pe ẹja kan tó ń gbé inú adágún mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú wa, Upper Klamath. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Kẹta, wọ́n máa ń ṣe ètùtù láti kí ẹja náà káàbọ̀. Ẹja yẹn ti ṣọ̀wọ́n báyìí, láti 1988 ni òfin ti ń dáàbò bò ó. Omi Upper Klamath kò jìn, ewéko wẹ́wẹ́ ojú omi máa ń bò ó nígbà ooru, ó sì lè ní májèlé. Màámi, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ wo ẹyẹ ni, ẹyẹ funfun ńlá tí àpò wà lábẹ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n máa ń tò lórí omi bí aláṣọ funfun lọ́jọ́ ìyìn. Nígbà òtútù, idì ló ń dé ibẹ̀, wọ́n máa ń pọ̀ rẹpẹtẹ.

Bí ẹ bá ráyè, ẹ sùn sí Klamath Falls ọjọ́ kan. Ìlú Oòrùn ni wọ́n ń pè é ní Oregon, nǹkan bí 300 ọjọ́ lọ́dún ni oòrùn fi ń ràn níbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì ní omi gbígbóná lábẹ́, wọ́n ń fà á sínú páìpù láti mú ilé móoru, wọ́n tún gbé e gba abẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láàárín ìlú kí yìnyín má bàa dì síbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i pé gbogbo ìlú funfun ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà gbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ mo fọwọ́ kan ilẹ̀.

Lójú ọ̀nà láti ibẹ̀ sí Crater Lake, ẹ ó kọjá ní Fort Klamath. Níbẹ̀ ni wọ́n ti yẹgi fún Kintpuash, olórí àwọn Modoc, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn lágbègbè yẹn, ní 1873. Ọmọ ogun rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọgọ́ta lọ, wọ́n fara pamọ́ sínú àpáta iná tó ti dì, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Lava Beds lónìí, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó pọ̀ jù wọ́n lọ níye kò lè lé wọn jáde fún oṣù bíi márùn-ún. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì wọn, ogun Ìmàgbọn 1892 ló wá sí mi lọ́kàn. Àwọn baba wa náà dúró de ìbọn tó ju tiwọn lọ.

Awakọ̀ Ògèrè

Màámi, ṣé wọ́n máa jẹ́ kẹ́ ẹ kó gàrí wọlé?

Ìyá Aláṣọ-Òkè (Ìjẹ̀bú-Òde)

Gàrí Ìjẹ̀bú ti wà nínú àpótí, èmi á sọ fún wọn pé ó wà níbẹ̀. Ẹran ni ọmọ mi ní kí n má gbé rárá, wọ́n máa ń gbà á lọ́wọ́ èèyàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọmọ Òkè-Ẹ̀rì, ọ̀rọ̀ rẹ kò bí mi nínú. Ó wọ̀ mí lọ́kàn.

Ìyá Aláṣọ-Òkè (Ìjẹ̀bú-Òde), ní ìparí oṣù Kẹsàn-án

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti dé láti ọjọ́ Àìkú. Ọmọ dáadáa, ìyá rẹ̀ dáadáa.

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún yín. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dá nínú oṣù Kẹjọ, a jí, a ò rí òkè tó wà níwájú ilé. Èéfín. Àna mi ti di ẹrù sínú mọ́tò, ojú ń kán an, èmi ni mo ní kò sí ibi tí à ń lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà kí afẹ́fẹ́ tó yí padà. Dókítà ti yẹ ọmọ wò, ó ní ó lè lọ, kí a má pẹ́ lórí òkè.

Ìdájí la gbéra. Odò kan ń bá wa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Rogue ni wọ́n ń pè é, àwọn igi ibẹ̀ ga débi pé èèyàn ò rí ọ̀run. Etí mi dí, ó là, ó tún dí. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, mo so ìborùn mọ́ra, ọmọ mi dì mí lápá mú, a rìn dé ibi ògiri òkúta kékeré kan. Mo wo ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹtù ni. Àwọn tó mọ aṣọ òkè á mọ ohun tí mò ń wí. Kì í ṣe aró tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹtù àtijọ́, èyí tí wọ́n rẹ òwú rẹ̀ léraléra títí ó fi fẹ́ dúdú, tí fọ́nrán búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wá gba àárín rẹ̀ kọjá. Fọ́nrán yẹn gan-an wà níbẹ̀! Ní etí erékùṣù tó wà láàárín omi, níbi tí omi ò ti jìn, ó mọ́ búlúù bíi ti ẹyin ẹyẹ, ó sì yí erékùṣù ká bí ìgbátí. Bàbá mi ní ẹtù kan tí wọ́n fi sin ín. Mi ò rí àwọ̀ yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà, 1989.

Mo sunkún díẹ̀. Àwọn oyinbo tó wà níbẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò pariwo, kódà àwọn ọmọdé wọn ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo rò ó pé bóyá ọ̀rọ̀ àwọn Klamath yẹn ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Mo gbàdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ọmọ ọmọ mi, a ò sì lò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ.

Obìnrin ẹ̀ṣọ́ ọgbà kan sọ̀rọ̀ igi kan fún wa. Kùkùté igi ni, ó dúró ṣánṣán nínú omi, ó ń léfòó, orí rẹ̀ yọ síta díẹ̀, ó sì ń rìn kiri adágún bí afẹ́fẹ́ bá ṣe darí rẹ̀. Láti 1896, ó kéré tán, ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bàbá Àgbà Adágún ni wọ́n ń pè é. Mo wá a títí ojú fi ro mí, mi ò rí i.

Tíṣà, mo rí òkúta fífúyẹ́ tí òkè yẹn tú jáde, ó fẹ́ẹ́rẹ́ bí búrẹ́dì gbígbẹ. Mo ti gbé ọ̀kan fún yín, ọmọ mi ní kí n dá a padà, òfin ò gbà kí wọ́n mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Ẹ má bínú.

Ní Klamath Falls, oòrùn ràn sí wa lára bíi ti ọjà Òkè-Àjẹ lọ́sàn-án, mo rí àwọn ẹyẹ funfun yẹn. Ẹsẹ̀ mi wú díẹ̀ lálẹ́, ó ti wálẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ẹ̀rì, ìwọ ni mo ń kọ èyí sí. Mo bí ọmọ mẹ́rin ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì sin òbí méjèèjì síbẹ̀, mi ò tẹ ẹsẹ̀ mi sí etí Erédò rí. Mo mọ̀ pé obìnrin kì í wọ ojúbọ sàréè Sùngbọ́, obìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Erédò, mi ò ní wọ ibẹ̀. Yàrà ni mo fẹ́ rí. Ọjọ́ wo ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn?

Ọmọ Òkè-Ẹ̀rì

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Ibì kan wà tí yàrà kò ti jìn, orúnkún yín á gbà á, mo máa fi àdá la ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ Jimọ̀.

Tíṣà Ìlíṣàn

Ẹ dúró dè mí. Mò ń bọ̀ láti Ìlíṣàn.